Àlùbọ́sà Tí Wọ́n Gbà Lójú Ọ̀nà

Òtítọ́ tí Àpínkẹ́ ní kí Hàmdálátù kọ sínú fọ́ọ̀mù ni ìjọba fi lé ọmọ náà kúrò ní Nàìjíríà.

Ọdún kẹta rèé tí Hàmdálátù ti ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé Àpínkẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀ lókè ọ̀hún, orúkọ lásán ni ìjọba ń jẹ́. Àwọn oníbọn ló ni ojú ọ̀nà. Nígbà tí ìjọba wa ní òun kò ní fàyè gba ẹni tó ń ran àwọn oníbọn náà lọ́wọ́ mọ́, wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún gbogbo ọmọ ibẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà. Ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀: ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ìdílé rẹ ti fún àwọn oníbọn ní nǹkan rí?

Hàmdálátù gbé bírò sókè, kò kọ nǹkan kan.

“Mọ́mì, àlùbọ́sà ni bàbá mi ń tà. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti ń kọjá, wọ́n á gba àpò méjì. Ẹni tí kò bá fún wọn kò ní délé. Ṣé kí n kọ ‘Rárá’?”

“Irọ́? Nínú ilé yìí? Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?” Àpínkẹ́ bi í.

Afọláyan, ọkọ Àpínkẹ́ àti bàbá Asher ọmọ wọn, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, bọ́ jígí ojú rẹ̀. “Ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn agbátẹrù ìwà ìpáǹle ni ìlànà náà dojú kọ.”

“Bàbá Asher, ẹ sọ ọ́ kó yé wa.”

“Mo ní kò kàn án.”

“Ẹ ò rí i! Ẹnu yín ṣì lè sọ ọ̀rọ̀ tó rọrùn!”

Hàmdálátù bú sẹ́rìn-ín.

Àpínkẹ́ kì í gba ọ̀rọ̀ dídùn ọkọ rẹ̀ gbọ́. Lọ́jọ́ náà ó gbà á, torí pé ó bá ohun tó wà lọ́kàn òun náà mu.

“Kọ ‘Bẹ́ẹ̀ ni’. Kọ ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà náà sí i. Ẹni tó bá kà á yóò mọ̀ pé olè ló jà yín.”

Ẹni tó kà á kò mọ̀. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, lẹ́tà dé pé ìdílé Hàmdálátù ń ran àwọn oníbọn lọ́wọ́, kó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Afọláyan lọ sí Àbújá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n sì ní òfin ni òfin. Ọmọ orílẹ̀-èdè Hàmdálátù kan tó wà ní Òde Rẹ́mọ, tí bàbá tirẹ̀ náà ń gba ọ̀nà yẹn, kọ ‘Rárá’. Ìyẹn ṣì wà níbẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ má sunkún mọ́,” Hàmdálátù wí ní gáréèjì Ṣàgámù. “Ẹ ò ṣìwà hù.”

“Dákẹ́. Ǹ bá jẹ́ kó o purọ́.”

Oṣù mẹ́rin ló kù kí Hàmdálátù ṣe ìdánwò àṣekágbá. Kò ṣe é. Kò sì sí ilé ìwé kankan tí wọ́n ti ń kọ́ obìnrin ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbi tó padà sí.