Sẹ̀gilọlá Dógò Ti Sogúndogójì

Kò sí ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ n'Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1954 yẹn. Ìjọba ti kéde pé láti oṣù Jánúárì, ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ń da ewúrẹ́, ọmọ tí ń kiri ẹ̀kọ, gbogbo wọn di akẹ́kọ̀ọ́ lójijì, gbogbo wọn ló sì fẹ́ wọ káákì. Káákì wọ́n l'Ọ́jà'ba. Àwọn télọ̀ Bẹẹrẹ ń lé oníbàárà padà bí ẹni ń lé adìẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tíṣà Adéyẹ́misí wá Sẹ̀gilọlá aránṣọ dé inú agboolé wọn ní Bẹ́yẹrúnká.

"Ìyá Ràbí, aṣọ ogójì ọmọ ni o. Bí oṣù yìí bá ti parí, n ó kó káákì náà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣé ẹ ó lè rán an?"

"Ẹ kó o wá, tíṣà."

Ó ti dáhùn tán kí ó tó rántí pé òun kò ní maṣíìnì nílé. Ayọ̀ rẹ̀ bá di ẹ̀rù. Kò jẹ́ kí tíṣà mọ̀. Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ilé Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà ní Òkè-Àdó ni maṣíìnì wà. Sogúndogójì ni Olúsànyà, ọ̀kan nínú àwọn tí ń yáni lówó títí owó oṣù yóò fi dé. Sàláúdéènì, ọkọ Sẹ̀gilọlá, tó jẹ́ ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Mápó, ló gbé maṣíìnì lọ ṣe ìdúró fún owó nígbà tí ara Ràbí ọmọ wọn ò yá, tí oṣù sì wà ní agbedeméjì. Pọ́n-ùn márùn-ún ló yá. Ó ní bí òun bá ti gba owó oṣù, òun ti san án. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń wí, kì í sì í ṣe irọ́ nígbà tí wọ́n bá ń wí i.

Ẹ jẹ́ n là á yé yín, nítorí owó yẹn gbọ́n ju ẹni tó yá a lọ. Pọ́n-ùn kan ni èlé lóṣù. Lọ́jọ́ tí oṣù bá parí, o ní láti kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá lẹ́ẹ̀kan kí oòrùn tó wọ̀. Bí o kò bá ní in, kò burú, mú èlé nìkan wá. Baba á rẹ́rìn-ín sí ọ, á ní kí o bá òun kí ìyàwó. Èlé lọ, owó orí jókòó gbọnin-gbọnin, oṣù mìíràn wọlé, èlé tún dé. Bí o bá ní kí o máa san owó orí díẹ̀díẹ̀, á ní àwọn kì í gbà á bẹ́ẹ̀. Ta wá ni ìránṣẹ́ tí yóò yọ pọ́n-ùn mẹ́fà nínú owó oṣù, tí ará ilé rẹ̀ yóò sì jẹun? Sàláúdéènì ti san èlé títí èlé fi ju ohun tó yá lọ, maṣíìnì kò kúrò níbi tó wà.

Sẹ̀gilọlá sáré lọ sí Oníyanrìn lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń dá èsúsú. Ó bẹ ẹni tí oṣù náà kàn pé kó jẹ́ kí òun gbà á ṣáájú. Obìnrin náà gbà, Ọlọ́run bù kún un. Nígbà tó gbé pọ́n-ùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síwájú ọkọ rẹ̀, Sàláúdéènì mi orí.

"Mo kó gbogbo ẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo dé ibẹ̀, wọ́n ní ó ti lọ sí Abẹ́òkúta. Kó tó dé, ilẹ̀ ti ṣú, ó ní oṣù tuntun ti wọlé. Owó náà sì tán lọ́wọ́ mi."

"Bàbá Ràbí, kò lọ sí Abẹ́òkúta kankan."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ilé ló wà. Ẹni tí màlúù rẹ̀ ń sun wàrà, ṣé á fẹ́ kí wọ́n wá mú un lọ? Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi."

Lọ́jọ́ tí oṣù parí, bí wọ́n ṣe kírun àárọ̀ tán ló ká ẹní, ó di ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ó bu omi sínú kẹ́ẹ̀tù, ó gba Mọ́lété lọ sí Òkè-Àdó. Clara, ìyàwó Olúsànyà, ń gbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Owó ni mo mú wá fún bàbá."

"Wọ́n ti rìnrìn àjò," ni Clara wí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

"Wọ́n á dé bá mi."

Sẹ̀gilọlá tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà gan-an, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. Láyé àtijọ́, olówó ló máa ń rán ológò lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè. Á máa bú u, á máa pa adìẹ ilé jẹ, títí ojú yóò fi ti àwọn ẹbí, tí wọn yóò dá owó san. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé onígbèsè lọ dógò ti olówó? Àfi Sẹ̀gilọlá ọmọ Bẹ́yẹrúnká.

Àwọn tí ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Obìnrin kan sọ ẹrù kalẹ̀.

"Èló ló jẹ yín, ìyàwó?"

"Kò jẹ mí. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Mo ní kó wá gbowó ẹ̀, ó sá pamọ́."

Ẹ̀rín bẹ́. Awakọ̀ takisí kan pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, ó jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti wòran. Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi sín nínú yàrá, ó sín gidi.

"Ọ̀nà àjò náà mà sún mọ́lé o," ni awakọ̀ wí, gbogbo èrò tún bú sẹ́rìn-ín.

Sẹ̀gilọlá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú oòrùn ló ń wò. Bí oòrùn bá wọ̀, iṣẹ́ ogójì ọmọ di ti ẹlòmíràn lọ́la. Ohun kan ṣoṣo ló fọkàn tẹ̀. Ọjọ́ yìí gan-an ni wọ́n ń sanwó oṣù ní Mápó, àwọn tó jẹ Olúsànyà lówó kò sì lóǹkà níbẹ̀. Lábẹ́ àtẹ̀gùn Mápó ló ti máa ń dúró dè wọ́n. Onígbèsè tí kò bá bá a níbẹ̀, Ọjà'ba ló ń gbà lọ, Ọjà'ba kì í sì í dá owó padà. Olúsànyà kò sì lọ́nà ẹ̀yìn tó lè gbà jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló fi bíríkì dí i, kí olè má bàa jí ìdúró olóhun kó.

Oòrùn dé àtàrí. Ilẹ̀kùn ṣí. Olúsànyà yọ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀, ó dé akoto, òógùn bò ó.

"Ọmọ mi, ọkọ rẹ ló yáwó. Òun ni kó wá san án."

"Maṣíìnì ta ni ẹ gbà, sà?" Ó na owó náà sí i lójú gbogbo èrò.

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù ò sí nílé."

"Mo ní ẹ̀kọ, mo ní omi. Kò sóhun tó ń lé mi."

"Bàbá," ni awakọ̀ wí, "èrò Mápó ti ń sọ̀ kalẹ̀ o."

Olúsànyà wo ojú ọ̀run, ó wo kẹ̀kẹ́, ó gba owó, ó kà á. Inú àpò òun fúnra rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ti jáde.

Sẹ̀gilọlá ti mú àkísà dání, nítorí ó rò pé eruku á ti bo maṣíìnì. Wọ́n gbé e jáde, ó ń dán. Epo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án. Òwú káákì ṣì wà lójú abẹ́rẹ́. Ó fọwọ́ kan òwú náà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo oṣù tí ọkọ òun ń san èlé, tí òun ń fọwọ́ lẹ́rán nílé, maṣíìnì òun ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

"Èmi ni mò ń fi í rán," Clara wí, ohùn rẹ̀ kò sókè. "Ṣílè mẹ́wàá ni mò ń san fún bàbá lóṣù."

"Ìyàwó ẹ̀ tó fẹ́ sílé náà ń sanwó?" ni obìnrin ẹlẹ́rù béèrè. Olúsànyà ti gun kẹ̀kẹ́, ó ń sáré lọ sí Mápó, akoto rẹ̀ ń mì lórí.

Sẹ̀gilọlá nu ojú, ó ṣu òṣùká. Àwọn èrò bá a gbé maṣíìnì rù ú. Ó ti rìn dé ẹ̀gbẹ́ títì kí ó tó yí padà. Clara ṣì dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ibi tí maṣíìnì wà tẹ́lẹ̀.

"Mà, ogójì ọmọ ló wà nílẹ̀," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Ọrùn mi ò lè dá a gbé. Tí ẹ bá dé Bẹ́yẹrúnká lọ́la, ẹ béèrè Ìyá Ràbí. A ó jọ máa rán an ni, a ó jọ máa pín owó ẹ̀. N ò ní gba èlé."

Clara wọlé lọ mú àlùmọ́gàjí rẹ̀, kò dúró di ọ̀la.