Ẹsẹ̀ Rọ́bà Evilásio

Dona Zulmira, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé dúdú èéfín lè mú ooru dé ibi tí ooru kò lè dá lọ. Mo rò pé àwàdà àgbà ni.

Ejò ló gba ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ mi, Evilásio. Òjò ti dá, àkókò àtikọ igi rọ́bà ti dé. Bí kò bá rìn dé ìdí igi rẹ̀ kí oṣù náà tó parí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ igi rọ́bà yóò fi ọ̀nà igbó tí àwọn igi rẹ̀ wà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Mo po oje rọ́bà mọ́ imí ọjọ́, mo fi mọ ẹsẹ̀, mo sì gbé e sínú ààrò. Òde ara rẹ̀ le dáadáa. Ìgbà tí Evilásio fara tì í, ó là. Inú rẹ̀ ń fà bí ilá.

"Ivanilde, ẹsẹ̀ ni mo bẹ̀ ọ́, o wá se ẹyin tí kò jinná fún mi!"

"Ejò yẹn ì bá gba ẹnu rẹ, kó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀," ni Dona Zulmira wí. Ó kọjú sí mi. "Ọmọ mi, rọ́bà kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Lọ ha dúdú ara àjà àgọ́ tí a ti ń fi èéfín yan rọ́bà, kí o pò ó mọ́ ọn."

Mo fi ṣíbí kan sí i, mo fi mọ ẹsẹ̀ kejì. Pàbó ló já sí.

"Ìyá, dúdú yín kò mà ṣiṣẹ́ o."

"Ṣíbí kan péré? Bí ènìyàn méjì bá dúró láti odò dé ilé, ta ni yóò gba garawa lọ́wọ́ ta ni? Jẹ́ kí wọ́n pọ̀ tó kí ọwọ́ wọn kan ara wọn. Má sì jẹ́ kó pọ̀ jù, kó má baà máa sán."

Mo kọ́kọ́ dán an wò. Mo gbé rọ́bà pẹlẹbẹ méjì, funfun kan, dúdú kan, sórí agbada gàrí tó gbóná, mo fi bọ́tà lé wọn lórí. Bọ́tà orí dúdú yọ́, ó ṣàn. Ti orí funfun ṣì jókòó jẹ́ẹ́.

Ara mi bù máṣọ. Ohun tí mo ti ń fọ kúrò lára ìkòkò láti kékeré! Nínú òkùnkùn rọ́bà yẹn, àwọn eruku dúdú tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń gbé ooru fún ara wọn.

Mo fi àdàlù dúdú yẹn mọ ẹsẹ̀ kẹta. Nígbà tó jáde nínú ààrò, mo fi ẹ̀gún ọ̀pẹ gún un dé àárín. Ẹ̀gún náà jáde ní gbígbẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Evilásio so ó mọ́ra.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó wúwo bí ọ̀rọ̀ Dona Zulmira."

Ó mú ọ̀bẹ àti garawa rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé yóò yíjú. Ó wọ inú igbó lọ, kò bojú wẹ̀yìn.