Ohunkóhun Tó Bá Ń Jẹ́ Ojú

Gbinrin ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta àga àti tábìlì ló ń bá ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ya fọ́tò pákó lásán, Gbinrin á kọ kóòdù, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, sí i, pákó inú fọ́tò á di òkúta mábù. Rọ́bà á di awọ, páànù á di fàdákà, àga kò sì ní kúrò lójú kan. Kí ayé lè mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni, èdè abínibí ló fi ń sọ nǹkan lórúkọ nínú kóòdù rẹ̀: ojú tábìlì, ojú ògiri, ojú ilẹ̀. Àṣẹ kan ló pa fún gbogbo wọn: ohunkóhun tó bá ń jẹ́ ojú, kó dán.

Kì í sì í fi fọ́tò àkọ́kọ́ pamọ́. Orí rẹ̀ ló ń tọ́jú tuntun lé, ti àkọ́kọ́ á sì parẹ́, nítorí oge kì í fẹ́ kí àlejò bá òun nídìí àtíkè.

Lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi fọ́tò kan ránṣẹ́: Màmá jókòó nídìí tábìlì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni fọ́tò ìgbà ogbó wọn tó kù. Fóònù tí wọ́n fi yà á, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fi fi í ránṣẹ́, ti já sómi lẹ́yìn náà.

"Bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí páálí ńlá, ká gbé e kọ́."

Gbinrin wo fọ́tò náà, kò rí ẹ̀rín. Ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí ló rí, àti àpá dúdú lórí tábìlì, níbi tí òun fúnra rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé nígbà èwe. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ń bọ̀ wá kí i; ṣé irú yàrá yìí ni wọn yóò rí? Ó sàmì sí ojú tábìlì, ó sàmì sí ojú ògiri. Kí nǹkan kan má baà ṣe ìyá rẹ̀, ó rọra fi ìlà yí ojú wọn ká, ó kọ ọ́ síbẹ̀: ojú Màmá. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó lọ po tíì.

Kóòdù kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni. Ojú ni wọ́n pè é. Ó mú un dán.

Nígbà tó fi dé, tábìlì ti di mábù, ògiri ń kọ mànà. Ìlà iwájú orí Màmá ti lọ, ìlà ẹ̀rín ti lọ. Ojú wọn ń dán bí abọ́ tánńganran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó sáré kọ kóòdù mìíràn pé kí awọ ara hunjọ. Ó hunjọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá ẹlòmíì ló jáde.

Ó gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Màmá ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Màmá ta ni? Màmá tó bí ife tíì?" Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, ó tún padà. "Èyí tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ má bínú. Kò sí mọ́."

"Títẹ̀ ni mo ní kí o bá mi tẹ̀ ẹ́, àbúrò. N ò ní kí o bá wa kun ilé."

Ojú tì í. Ó fìdí lé àga nídìí tábìlì. Tábìlì Màmá ni. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n gbé e wá.

"Káfíńtà fẹ́ bá Màmá fá àpá yẹn kúrò," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Wọ́n ní kó fi í sílẹ̀. Wọ́n ní bí o bá pẹ́ kó o tó wálé, ibẹ̀ làwọn ti ń rí ọ."

Gbinrin fi ìka wá àpá náà kàn. Ó rí hàràhàrà, kò dán rárá. Ojú tábìlì ṣì wà. Ó pa ojú ara rẹ̀ dé, ó ń wá ojú kejì, ojú Màmá. Dídán nìkan ló ń rí.