Rọ́bà Bíréèkì Tàjùdíìnì

Ọkọ mi, Tàjùdíìnì, gbà pé kò sí ohun tó dára tí kò tíì gbó. Àlòkù ẹ̀yà ara ọkọ̀ láti ìlú òyìnbó ló ń tà ní ọjà Abossey Okai, ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní tòkúnbọ̀, tí àwa ní Accra ń pè ní hóòmù yúùsì. Bí oníbàárà bá béèrè tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, á wò ó bí ẹni tó béèrè ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ lèmọ́mù. Lójú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mo ń pè é o, ọkọ mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ la wà yìí, ẹ jẹ́ kí ahọ́n mi sinmi díẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ eré ìje kan bá ọjà rẹ̀ dé nínú kọ̀ntéínà. Kẹ̀kẹ́ náà ju Fàrídà, àkọ́bí wa, lọ lọ́jọ́ orí. Ìsàlẹ̀ ara irin ni ọwọ́ jíà rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ yí i gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́. Tàjùdíìnì fẹ́ràn rẹ̀ kọjá sísọ. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi ń fọ ṣéènì rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tèmi ni. Ọjọ́ tí mo fọ eyín tí mo tọ́ epo ẹ́ńjìnì wò ni mo tó mọ̀.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ nǹkan tọ́jú. Táyà ń yí wọ́ọ́rọ́, jíà ń bọ́ sí àyè rẹ̀, irin náà dáa lóòótọ́. Rọ́bà bíréèkì ló bà mí lẹ́rù. Mo tẹ èékánná mọ́ ọn, kò wọlé; ó ti le bí èkùrọ́. Aránṣọ ni mí. Màṣíìnì tí mo jogún lọ́wọ́ ìyá mi ṣì ń rán aṣọ geere, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì rọ́bà rẹ̀, mo ti pààrọ̀ rẹ̀ títí ó fi sú mi. Irin lè dàgbà. Rọ́bà ò mọ̀ ju kó gbó lọ.

"Bàbá Fàrídà," mo ní, "ẹ pààrọ̀ rọ́bà yìí kí ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí Aburi."

Òun àti Mutala ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti pinnu láti gun òkè Aburi lọ́jọ́ Sátidé. Gígùn rẹ̀ kò dùn mí, àárẹ̀ lásán ni. Sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀ ni, níbi tí ọ̀nà ti ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí trotro akérò ń sáré, tí ọ̀gbun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ei, Ìyá Fàrídà! Ojúlówó Aburokyire, ti ìlú òyìnbó, nìyí paa! Tuntun tí wọ́n ń tà ní Lapaz yẹn, kò ní rí Iléyá. Kí àwọn kọ́sítọ́mà mi wá rí tuntun lára kẹ̀kẹ́ mi? Wọ́n á ní èmi gan-an ò gba ọjà mi gbọ́."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ náà sọ sí gọ́tà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ju agbára. Nígbà tó lọ kírun Jímọ̀, mo fi takisí gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ Kwabena, fítà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Lapaz, ó sì bá mi fi rọ́bà tuntun sí i, níwájú àti lẹ́yìn. Wọ́n ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó. Mo jókòó, mo fi sáńpépà bó ẹ̀yìn wọn, mo fi eérú èédú pa wọ́n lára títí wọ́n fi rẹ̀ wálẹ̀ bí àlòkù. Ojú tó ń di táyà mú nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn. Kwabena fi Twi bi mí bóyá orí mi pé.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo rán apá bùbá oníbàárà mọ́ ibi ọrùn. Ọkàn mi kò sí nílé. Nígbà tí wọ́n máa dé, ẹnu Tàjùdíìnì ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ní trotro kan dúró gbà níwájú òun ní ìsàlẹ̀ òkè, òun fún bíréèkì, kẹ̀kẹ́ sì dúró gbọin!

"Hóòmù yúùsì!" Ó ń pariwo rẹ̀ fún gbogbo ará ilé. "Ṣé ẹ ti rí i báyìí?"

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní kó máa yangàn lọ. Ìyangàn kì í ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀.

Ni Mutala bá ní, "Chale Tàjù, bá mi wá irú rọ́bà bíréèkì yìí fún kẹ̀kẹ́ Sherifa ọmọ mi. Ọmọ náà ní òun á bá wa lọ ní Sátidé tó ń bọ̀."

Tàjùdíìnì sáré wọlé, ó gbé agolo àwọn rọ́bà àtijọ́ tó ti ń kó jọ jáde. "Gbà, ọmọ mi náà ni." Wọ́n ń dún kókókó nínú agolo bí òkúta. Mutala dúpẹ́, ó kó wọn sápò.

Mo wo ojú ọkọ mi. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó báyẹn láàárín èèyàn rí. Mo tún rántí Sherifa, ọmọ olọ́mọ, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn.

"Mutala, dá wọn padà," mo ní. "Tuntun ló wà lára kẹ̀kẹ́ yẹn. Èmi ni mo fi sí i, èmi náà ni mo fi eérú pa á."

Afua, ará ilé kejì, bú sẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Tàjùdíìnì bẹ̀rẹ̀, ó tẹ èékánná mọ́ rọ́bà náà. Èékánná wọlé. Kò tètè dìde. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ dè é.

"Trotro yẹn," ó ní. Ó tún tẹ bíréèkì náà wò.

Ó na ọwọ́ sí Mutala, ó gba àwọn rọ́bà náà, ó sì dà wọ́n sínú garawa ìdọ̀tí lójú gbogbo èèyàn. Ó ní kí wọ́n jọ lọ sí Lapaz lọ ra tuntun fún ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ìyá Fàrídà, ó pẹ́ tí mo ti ń ta àlòkù, kò sẹ́ni tó rí ayédèrú rẹ̀ tà fún mi rí."

"Èmi náà ò tà á fún yín," mo ní. "Mo fi ta yín lọ́rẹ ni."