Bẹ́ǹṣì Ẹ̀bá Ilẹ̀kùn

Kò sí ẹni tó ń fẹ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ní ìjọ wọn ní Aflao-Gakli, nílùú Lomé. Bí ilé ìsìn bá kún àkúnya, ẹni tó pẹ́ dé yóò kúkú dúró, yóò fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tó wá wo bọ́ọ̀lù. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé bẹ́ǹṣì ìbáwí nìyẹn. Ẹni tó bá dójú ti pẹpẹ ni wọ́n ń fi síbẹ̀: kò ní mú máìkì, kò ní jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa, títí dìgbà tí àwọn àgbà bá ní ó tó.

Dáraolúwa kò rò ó rí pé ìdí òun lè kan bẹ́ǹṣì náà. Òun, ọmọ Bàbá Ìjọ! Òun sì ni ògbufọ̀ wọn. Yorùbá ni Pásítọ̀ Adéolúwa fi ń wàásù, ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó lápá òsì, àwọn ìyàwó tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Mina àti àwọn tó dàgbà sí Kútọnu, Faransé ló yé wọn jù. Dáraolúwa á dúró ti pásítọ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lòun náà ń gbé e, á sì sọ ọ́ di Faransé kó tó tutù. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí àwọn obìnrin ń tún ilé ìsìn ṣe, Tàǹtí Lọ́lá aránṣọ wo síkẹ́ẹ̀tì Dáraolúwa lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní, "Dára, ṣé aṣọ ló tán lọ́wọ́ aránṣọ rẹ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dáraolúwa kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, pásítọ̀ ń wàásù pé kí kálukú kó ẹnu rẹ̀ níjàánu. Dára túmọ̀ ìyẹn tán, ó wá fi tirẹ̀ lé e ní Faransé: pàápàá àwọn aránṣọ tó ń fi ojú wọn síkẹ́ẹ̀tì ọmọ ọlọ́mọ, nígbà tí ọkọ tiwọn ti sá kúrò nílé.

Ẹ̀rín bú lápá òsì. Pásítọ̀ tí kò gbọ́ Faransé rò pé Ẹ̀mí ló sọ̀ kalẹ̀, ló bá tún gbólóhùn tirẹ̀ sọ, ó pariwo rẹ̀ sí i. Tàǹtí Lọ́lá mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

Akínwùmí ni orúkọ Bàbá Ìjọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù Lomé, Faransé tirẹ̀ kò sì ju ti pọ́ọ̀tù lọ: ó tó bá aṣọ́bodè jà, kò tó gbọ́ ìwàásù. Romaric tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó tún jẹ́ ọmọ ìjọ, ló tú ọ̀rọ̀ náà síta lọ́jọ́ Ajé. "Bàbá Ìjọ, ọmọ yín mà lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín o!" Ó rò pé òun ń yin ọmọ fún bàbá ni. Bàbá ní kó sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́, ojú bàbá sì yí padà láàrin àwọn kọ̀ǹtẹ́nà.

Nígbà tó délé, kò pariwo. "Dáraolúwa, ṣé pásítọ̀ ló dárúkọ ọkọ aránṣọ?"

"Rárá, Bàbá mi."

"Ta ni?"

"Èmi ni."

Nípàdé àwọn àgbà, pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bẹ̀bẹ̀. "Bàbá Ìjọ, ọmọdé ló ń ṣe é. Kì í ṣe irú ọmọ yín ló yẹ kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn."

"Pásítọ̀, ọmọ ta ló wá yẹ? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Títí di ọjọ́ Ìkórè, kò gbọdọ̀ mú máìkì."

Ó dun Dáraolúwa wọ egungun. Àlejò oníwàásù ń bọ̀ láti Ìbàdàn fún Ìkórè náà, òun ni ì bá sì túmọ̀ fún un. Augustin tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì ti gbọ́. Ìjọ ńlá kan nígboro lòun ń lọ. "Dára, viens chez nous," ló ní, "máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ Sunday yìí gan-an, wọ́n á fún ẹ ní máìkì." Dára ní òun ń bọ̀. Ó pinnu pé òun á kọ́kọ́ jókòó díẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun sá. Tí wọ́n bá ti dìde kọrin, òun á bọ́ síta, òun á gun ọ̀kadà, ó parí nìyẹn.

Sunday dé. Ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé ojú sókè kí omijé má baà bọ́. Wọn ò tíì kọrin nígbà tí Bàbá Ìjọ dìde lórí àga rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, àga tó fi ọ̀pọ̀ ọdún sìn kó tó débẹ̀. Ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó gba àárín ìjọ kọjá, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó sì jókòó ti ọmọ rẹ̀.

"Bàbá mi, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mo jókòó ti ọmọ mi."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n wá síbí."

"Èmi ni. Ṣé mo ní kó o dá wá ni?"

Fóònù ń gbọ̀n nínú báàgì rẹ̀, Augustin ló ń pè. Dáraolúwa pa á. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ Olúwa dé ọ̀dọ̀ wọn, bàbá rẹ̀ mi orí: bí ọmọ òun kò bá jẹ, òun náà lè dúró. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra. Ti bàbá yìí yàtọ̀, ọwọ́ méjèèjì ló ń lò pọ̀.

Láti kékeré ni Dára ti ń pe Ọlọ́run ní Baba nínú àdúrà, bí ẹni ń pe orúkọ àdúgbò. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Baba tó ń báni wí, tí kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, kí lèèyàn ń sá fún lọ́dọ̀ rẹ̀? Orí rẹ̀ wú. Bí wọ́n bá ní kó yan bàbá láyé àti lọ́run, àwọn méjì yìí náà ni yóò yàn.

Láàrin ọ̀sẹ̀ ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Tàǹtí Lọ́lá ní Légbassito, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Tó bá jẹ́ lójú títì lo ti bú mi, ǹ bá bú ẹ padà, kó tán níbẹ̀," ni Tàǹtí wí. "Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ pásítọ̀ lo ti sọ ọ́. Mo rò pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń fi mí ṣẹ̀sín."

Dáraolúwa sunkún débi pé Tàǹtí ní láti fi àjákù aṣọ nù ún lójú. "Dìde, ma fille, ọmọ mi. Mo ti gbọ́. Àmọ́ síkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì kúrú o."

Gbogbo Sunday tó kù, Dára àti bàbá rẹ̀ ló jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà. Lọ́jọ́ Ìkórè, Romaric ló túmọ̀ fún àlejò Ìbàdàn, ó ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa ewúrẹ́ wọ omi. Nígbà tó fi máa parí, ohùn rẹ̀ ti há. Àkókò ìdúpẹ́ dé, pásítọ̀ kéde pé ìbáwí ti tán, Tàǹtí Lọ́lá fúnra rẹ̀ ló wá fa Dáraolúwa lọ́wọ́ lọ síwájú. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn.

Dára ní Yorùbá lòun fẹ́ fi dúpẹ́, òun kò sì fẹ́ túmọ̀ ara òun. Romaric na ọwọ́ sí ọ̀fun. Ni Bàbá Ìjọ bá gba máìkì kejì.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Baba mi tó bá mi wí," ni Dára wí.

"Merci, Dieu Papa. Tu as corrigé," ni bàbá fi Faransé pọ́ọ̀tù sọ.

"Kò fi mí sílẹ̀ níbi tó ti bá mi wí."

Bàbá gé e kúrú pé Ọlọ́run dúró: "Dieu est resté." Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìjọ, àyà rẹ̀ kún, kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Et ça, c'est ma fille! Regardez bien! Ma fille à moi!" Ó ń sọ fún wọn pé ọmọ òun nìyí, kí wọ́n wò ó dáadáa, ọmọ tòun ni.

Tàǹtí Lọ́lá fò sókè. "Bàbá Ìjọ! Ìyẹn ò sí nínú ohun tó sọ o! Ẹ ti fi tiyín kún un!"

Ẹ̀rín bú lápá òsì. Bí wọ́n ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún apá ọ̀tún báyìí, tibẹ̀ tún ju tòsì lọ. Bàbá Ìjọ kò jiyàn. Ó dá máìkì padà, ó ká agbádá sí èjìká, ó gbórí sókè bí ọba tó ń lọ sí àwùjọ, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

Pásítọ̀ ń na máìkì sí Dáraolúwa pé kó gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Dára rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n ṣì mú un dání, ó sì rìn lọ sẹ́yìn.

"Ẹ sún díẹ̀, Bàbá mi."