Obìnrin Inú Géèmù Bàbá

Ìṣó kọ́ ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fún un ní ìnagijẹ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọn, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, torí pé bí wọ́n bá gbá a lórí, kì í ké, ńṣe ló túbọ̀ ń wọlẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n báyìí, irùngbọ̀n ti kún ẹ̀kẹ́ rẹ̀, irun funfun méjì ti yọjú níbẹ̀, síbẹ̀ Ìṣó náà ni wọ́n ń pè é.

Bàbá mọ iṣẹ́. Mo tún un sọ, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́! Ilẹ̀kùn tí Bàbá bá kàn, ẹ tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní gbọ́ kí ó dún. Ṣùgbọ́n ẹnu wọn! Lọ́jọ́ tí ayùn bu Ìṣó jẹ lọ́wọ́, ohun tí Bàbá bi í ni pé, "Ṣé pákó yẹn ò bàjẹ́?" Lọ́jọ́ tó já bọ́ láti orí àkàbà, wọ́n ní, "Dìde! Ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ sùn ni?" Nínú gbogbo ọdún tí Ìṣó fi kọ́ṣẹ́, kò gbọ́ "pẹ̀lẹ́" lẹ́nu bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wò ó ná. Pẹ̀lẹ́! Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ lójú títì, tí a ò mọ̀ rí, tí a ò sì ní rí mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí oníbàárà obìnrin bá fẹsẹ̀ kọ pákó ní ṣọ́ọ̀bù, Bàbá á máa kí i ní pẹ̀lẹ́ títí obìnrin náà á fi máa bẹ̀ wọ́n pé ó ti tó. Kì í ṣe pé Bàbá ò ní in lẹ́nu, ọkùnrin ni wọn kì í sọ ọ́ fún.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni àìsàn rọpárọsẹ̀ gbé Bàbá ṣánlẹ̀. Ẹnu tó wọ́ padà tọ́, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó ń di ayùn mú, kọ̀ jálẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú iṣan ní ilé ìwòsàn kò fepo bọyọ̀. Ó ní bí àwọn ìka yẹn kò bá máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, wọ́n á gan síbẹ̀, ó sì di kí Bàbá máa wo ayùn látòkèèrè. Ó fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan pé kí wọ́n máa fún un. Bàbá fún un títí, bọ́ọ̀lù ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun. Wọ́n fi ọwọ́ òsì jù ú sábẹ́ àga. "Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ìṣó wá ronú kan géèmù rẹ̀. Ó ní ọ̀kan nílé, irú èyí tí èèyàn ti máa kọ́kọ́ yan ẹni tí òun fẹ́ jẹ́, ọkùnrin tàbí obìnrin, kúkúrú tàbí gíga, kí ó tó máa rin ìrìn àjò, kí ó máa gun òkè, kí ó máa fo kòtò, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò méjèèjì lórí pádì, ohun tí wọ́n ń dì lọ́wọ́ láti fi darí rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà wá sí pálọ̀ Bàbá, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ló yan ẹni náà fún wọn. Ọkùnrin ni, kí ló tún kù? Ó fún un ní èjìká fífẹ̀, ó fi ewú sí i lórí, ó tiẹ̀ wá òòlù sí i lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ̀yin rèé."

Bàbá wo ọkùnrin náà, wọ́n mi orí, inú wọn dùn. Inú dídùn náà kò pẹ́. Wọ́n dé ibi kòtò àkọ́kọ́, àtàǹpàkò ọ̀tún kò tètè dá wọn lóhùn, ọkùnrin náà sì já sínú kòtò gbì!

"Dìde!" Bàbá pariwo. "Ọ̀lẹ! Ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ sùn ni?"

Ìṣó tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn ta gìrì, ó ti ń dìde kó tó rántí pé kì í ṣe òun. Ẹ̀ẹ̀meje ni ọkùnrin inú géèmù ṣubú, ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n bú u, èébú kan kò jọ ìkejì. Lẹ́yìn ìkeje, Bàbá sọ pádì nù sórí àga, wọ́n kọjú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, wọn kò wo apá ibẹ̀.

Màmá ló fi ẹ̀bẹ̀ mú wọn padà. Ìṣó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ó ní kí Bàbá fúnra wọn yàn lọ́tẹ̀ yìí. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan dúró sójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń retí. Bàbá gbé pádì sórí itan. Àtàǹpàkò ọ̀tún sùn sórí bọ́tìnnì, kò mì. Ó pẹ́ díẹ̀. Lójijì ó gbọ̀n, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ nǹkan. Obìnrin náà bọ́ síwájú.

"Ẹ ti ṣì í tẹ̀, Bàbá," ni Ìṣó wí, ó na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín yí i padà."

"Má fọwọ́ kàn án!" Màmá ló ké bẹ́ẹ̀. "Ṣé o ò rí i ni? Àtàǹpàkò yẹn mì! Ọ̀tún! Ọ̀tún ló tẹ̀ ẹ́!" Omi ti dà lójú wọn, wọ́n sì ń jó pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Obìnrin tí àtàǹpàkò yẹn bá mú, òun náà la fẹ́. Kò sẹ́ni tó máa dá a padà sílé wọn!"

Bí obìnrin náà ṣe wọlé wọn nìyẹn. Kúkúrú ni, ó ki lẹ́sẹ̀, ó gbé ẹrù sẹ́yìn, ó wé gèlè pupa kékeré kan. Wọ́n dé ibi kòtò ọjọ́sí, òun náà sì já sínú rẹ̀. Ìṣó di ojú, ó ń retí èébú.

"Yéè! Pẹ̀lẹ́, ìyá mi," ni Bàbá wí. "Pẹ̀lẹ́ o. Ọwọ́ mi ló fà á, má bínú."

Ìṣó la ojú. Ó wo Bàbá bí ẹni pé wọ́n ti pààrọ̀ wọn ní ilé ìwòsàn.

Láti ọjọ́ yẹn, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, Bàbá á ti jókòó. "Rọra o, omi wà níbẹ̀ yẹn." "Ẹrù yẹn ò wúwo jù báyìí?" Bí òjò bá rọ̀ nínú géèmù, wọ́n á fi àtàǹpàkò rọra darí obìnrin náà lọ sábẹ́ igi, wọ́n á ní kí ó fara balẹ̀ kí òjò dá, bẹ́ẹ̀ òjò ọ̀hún kò lè pa á lára. Tó bá ṣubú, pẹ̀lẹ́. Tó bá kọsẹ̀, pẹ̀lẹ́. Màmá ní ìyàwó kejì ti wọlé dé, kò bá àwọn gbálẹ̀, kò bá àwọn fọ abọ́, ìrìn ni tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sí ilé ìwòsàn, obìnrin tó ń tọ́jú iṣan mú ọwọ́ Bàbá, ó ní kí wọ́n di ìka òun mú ṣinṣin, wọ́n dì í mú, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe nílé. Bàbá ní àwọn ń bá ọmọ kan rìn.

Inú Ìṣó dùn, kò níí parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń la pákó, ọ̀rọ̀ náà á sáré wá sí i lọ́kàn, ọkàn rẹ̀ á gbóná. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ ẹlòmíràn gan-an ì bá sàn. Èyí, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ó tán! Àgbà ọkùnrin ń jowú ẹni tó ń gbé inú tẹlifíṣọ̀n. Ó tijú ara rẹ̀, ó sì ń bá a lọ láti jowú.

Ó sọ ọ́ fún Màmá ní kíṣìnnì. Ó na ọwọ́, ó fi àpá ayùn hàn wọ́n.

"Ẹ wo èyí, Màmá. Wọ́n bèèrè pákó. Pákó ni wọ́n bèèrè!"

"Mo mọ̀, ọmọ mi." Màmá fi àtàǹpàkò rọra ra àpá náà bíi pé ó ṣì ń ro ó. "Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Bàbá rẹ, méjèèjì ni wọ́n fi ń bá ọkùnrin wí. Lọ sọ fún wọn pé ó ń dùn ẹ́."

"Kí n lọ sọ pé kí wọ́n máa kí mi ní pẹ̀lẹ́? Pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí?"

"Irùngbọ̀n ò ní kí nǹkan má dunni."

Kò sọ ọ́. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbé ọ̀rọ̀ náà gbà. Ó ní, "Bàbá, ọwọ́ yín ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ṣé ká wá yí i padà sí ọkùnrin?" Bàbá ní kí ó má dán an wò. Wọ́n ní bí ó bá di ọkùnrin, èébú nìkan ló máa pa á.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, obìnrin náà dé ẹsẹ̀ òkè ńlá kan. Ọ̀rọ̀ jáde sójú tẹlifíṣọ̀n pé ẹnì kan kò lè dá òkè yìí gùn, kí ó wá ẹnìkejì. Ìṣó sáré lọ mú pádì kejì wá. Ó ka òfin ibẹ̀ fún Bàbá: bí ẹnìkejì rẹ bá yọ̀, sáré lọ dì í mú, kí o tẹ bọ́tìnnì apá ọ̀tún mọ́lẹ̀ títí yóò fi gòkè. Bí ìka rẹ bá kúrò, ó ti já lọ nìyẹn. Ó tó kéèyàn ka ení dé ẹẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀, àtàǹpàkò Bàbá kò tíì tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ kọjá ẹẹ́rin rí.

Ojú tẹlifíṣọ̀n bèèrè lọ́wọ́ Ìṣó: ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ó ti ń lọ síbi ọkùnrin.

"Mú obìnrin," ni Bàbá wí.

"Kí ló dé? Ọkùnrin ni mí, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé ọkùnrin ni ẹ́, ṣebí èmi ni mo bí ẹ." Bàbá ń wo pádì, wọn kò wo ojú rẹ̀. "Òkè yẹn ga. O máa ṣubú níbẹ̀. Tó o bá jẹ́ obìnrin, màá mọ ohun tí màá sọ."

Wọ́n gbọ́ bí Màmá ṣe ń ro nǹkan nínú ìkòkò, wọ́n sì gbọ́ nígbà tí Màmá dáwọ́ dúró.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọkùnrin," ni Bàbá tún wí. "Bàbá tèmi ò sọ ọ́ fún mi rí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ò sọ ọ́. Ọkùnrin tó o kọ́kọ́ ṣe fún mi yẹn, nígbà tó ṣubú, èmi ni mo rí níbẹ̀, mo sì bú ara mi bí wọ́n ṣe máa ń bú mi. Ìjọ́sí tí ayùn bù ẹ́ jẹ, mi ò fojú kan oorun mọ́jú. Mo ń wá ohun tí màá sọ. Pákó ló wá sí mi lẹ́nu."

Ìṣó darí àtàǹpàkò sí obìnrin, ó dúró síbẹ̀. Á rọrùn. Bàbá á sọ ọ́, òun á gbọ́ ọ, àwọn méjèèjì á sì ṣe bíi pé obìnrin kan ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n ó ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kò fẹ́ gbà á lórúkọ ẹlòmíràn. Ó padà sọ́dọ̀ ọkùnrin, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ọkùnrin ni mo mú, Bàbá."

"Olóríkunkun."

"Ilé yín náà ni mo ti mú un."

Wọ́n gbéra. Obìnrin onígèlè pupa ṣáájú, ọkùnrin tẹ̀ lé e. Wọ́n gùn, wọ́n gùn, wọ́n dé ibi tí àpáta ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí etí abọ́, ẹsẹ̀ ọkùnrin Ìṣó sì yọ̀. Ẹ má rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, omi tó wà lójú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó ríran. Ọwọ́ kan ló fi rọ̀ mọ́ òkúta, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn.

Obìnrin náà sáré padà, ó dọ̀bálẹ̀ sétí àpáta, ó na ọwọ́. Bàbá tẹ bọ́tìnnì.

"Dì..." ni wọ́n wí, ìyókù kọ̀, kò jáde.

Ó dé ẹẹ́ta. Ó dé ẹẹ́rin, àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Màmá ti dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ṣíbí gígùn wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò mí. Ẹẹ́fà. Òógùn yọ sí Bàbá nímú.

"Pẹ̀lẹ́," ni Bàbá wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. Wọ́n gbé e mì, wọ́n tún un sọ. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́ o. Mo dì ẹ́ mú."

Wọn kò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́ rárá. Ìṣó ni wọ́n ń wò, òun pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀ tí omi ti kún. Ọkùnrin inú géèmù ti gòkè tipẹ́, ó ti dúró lórí àpáta, ó ń wò káàkiri, síbẹ̀ Bàbá kò tíì gbé àtàǹpàkò kúrò.