Wàràkàṣì Aboyún

Ọjọ́ tí àwọn màlúù wa sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ni Anselme, ẹ̀gbọ́n mi, gbé wàràkàṣì rírọ̀ kan síwájú Solène, ìyàwó ọmọ rẹ̀. Oyún Solène ti wọ oṣù keje. Nílé wa, aboyún ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Wàrà tí a padà fún jáde lẹ́yìn tí ọmú màlúù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ la fi ń ṣe é, òun ló lọ́ràá jù, a kì í sì í sè é. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí eegun ọmọ le.

Solène ti àwo náà sẹ́yìn. "Bàbá, ẹ má bínú. Agbẹ̀bí ní tí wọn ò bá se wàrà ẹ̀, kòkòrò tó ń pa ọmọ inú lè wà níbẹ̀. Ó ní èyí tó le, tó ti pẹ́ dáadáa, ni kí n máa jẹ."

"Agbẹ̀bí wo? Ọmọ àná yẹn?" Anselme gbé e símú. "Gbóòórùn ẹ̀! Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Ìyá mi jẹ ẹ́ nígbà tó lóyún mi. Wò mí, ṣé mo kú?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bastien ọkọ Solène náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, ìwọ tí o ò bímọ rí."

Solène wo ọkọ rẹ̀, kò rí olùgbèjà. Ó bá jẹ ẹ́.

Gbogbo wa la jẹ nínú rẹ̀, kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ibà gbé Solène dè. A rò pé òtútù ni. Kí a tó dé ilé ìwòsàn, ọmọ ti dákẹ́ nínú rẹ̀. Kòkòrò tí agbẹ̀bí sọ gan-an ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kì í rùn, kì í sì í ba adùn jẹ́. Imú wo ni ì bá mọ̀ ọ́n? Inú bí mi dé ibi tí n kò lè sunkún.

Nígbà tí Solène padà wálé, Anselme ṣí fìlà, ó dúró lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀.

"Ìyàwó mi, bú mi. Mo bẹ̀ ọ́, bú mi."

Solène kò bú u. Iwájú aṣọ rẹ̀ ti tutù.

"Bàbá," ó ní, "wàrà ti dé ọmú mi. Ta ni kí n fún mu?"